Bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n wọn ò sọ̀rọ̀ síra wọn: ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Kóòṣì_ÒkèÀdó

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ nínú yàrá ìmúra agbábọ́ọ̀lù rí ni mo fẹ́ kó dá mi lóhùn.

Ikọ̀ tí mò ń kọ́ ń gbá líìgì ìpínlẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù 24 ló wà níbẹ̀: àgbà 9 tí wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù ní ìpele tó ga ju èyí lọ, ọmọ akádẹ́mì 11 tí ọjọ́ orí wọn ò ju 20 lọ, àti 4 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní sáà yìí. Bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ gbogbo wọn. Àmọ́ tí a bá wọ bọ́ọ̀sì, ẹ̀yìn ni ti àwọn àgbà, iwájú ni ti àwọn ọmọdé, bí ẹni pé ikọ̀ méjì ló jọ ya mọ́tò. Wíńgà òsì wa, tó jẹ́ ọmọ akádẹ́mì, lè dúró fún ogún ìṣẹ́jú kí bọ́ọ̀lù má kàn án. Tí wọ́n bá sì ti gbá góòlù kan wọlé wa, ariwo "ìwọ lo fà á" ló máa gba pápá kan.

Balógun ikọ̀ jẹ́ ẹni ọdún 33, kì í fi bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn 11 tó ń bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ẹni tí àwọn ọmọdé ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu ni agbábọ́ọ̀lù àárín kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 23.

Ìbéèrè mi rèé. Ṣé kí a gba báńdì, aṣọ apá tí balógun ń wọ̀, lọ́wọ́ àgbà yìí? Tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé kí wọ́n dìbò ni àbí kí n dá yan ẹni tó kàn? Owó ìtanràn ńkọ́, ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Alága ẹgbẹ́ ní kí a kó gbogbo wọn lọ sí etíkun fún ọjọ́ kan, kí wọ́n jẹ sùyà, kí wọ́n jó, pé wàhálà máa tán níbẹ̀. Ara mi ò gbà á.

Màmá_Kámpù

Kóòṣì, ẹ kú làálàá. Sùyà ò burú, ṣùgbọ́n kí ẹ tó ra ẹran, ṣé ẹ jẹ wọ́n lówó? Ẹ ò mẹ́nu bà á. Ìdí tí mo fi ń bèèrè ni pé, nínú mẹ́wàá ohun tí à ń pè ní "wọn ò fẹ́ràn ara wọn," a máa ń rí mẹ́fà tàbí méje tó jẹ́ pé owó ló wà nídìí rẹ̀. Àwọn àgbà mọ iye tí wọ́n bá alága ṣe àdéhùn lé lórí, àwọn ọmọdé ò mọ̀, kálukú wá ń rò pé ẹnì kejì ló ń jẹ èrè òun.

Ẹ wo Ife Àgbáyé ní Brazil ní 2014. Super Eagles kọ̀ láti ṣe ìgbaradì nígbà tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn pẹ̀lú Faransé kù sí dẹ̀dẹ̀, nítorí owó àjẹmọ́nú. Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹfà, wọ́n pàdánù 2-0. N ò ní kí ẹnikẹ́ni sọ pé owó ló gbá góòlù méjèèjì wọlé o, Faransé dáa jù wá lọ́jọ́ náà. Àmọ́ ọjọ́ ìgbaradì tó bá ti lọ, ó ti lọ nìyẹn. Nínú ìdíje yẹn kan náà, ìjọba Ghana ní láti fi bàálù kó owó dọ́là tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta lọ bá agbábọ́ọ̀lù wọn. Super Falcons, ikọ̀ obìnrin wa, gba ife Áfíríkà ní 2016, wọ́n sì ní láti tò lọ sí iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Àbújá kí wọ́n tó rí owó wọn gbà.

Ohun tí ẹ máa ṣe ni pé kí ẹ kọ ìwé owó àjẹmọ́nú, ojú ewé kan péré, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá ìmúra. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ní ẹni 18 nínú ìwé orúkọ ọjọ́ náà, tí 16 wọ pápá, tí 2 ò sì kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Ẹni tó wọ pápá, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú kan, gba 10,000 náírà. Ẹni tí kò kúrò lórí bẹ́ǹṣì gba 7,000. Àwọn 6 tí orúkọ wọn ò sí nínú ìwé ṣùgbọ́n tí wọ́n ṣe gbogbo ìgbaradì ọ̀sẹ̀ náà gba 4,000. Ẹni tó ń bójú tó jẹ́sì àti ẹni tó ń tọ́jú ẹsẹ̀ gba 5,000 ẹnìkọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 208,000. Kí owó yẹn wà nílẹ̀ kí alága tó la ẹnu ṣèlérí. Tí kò bá sí, ẹ dín iye rẹ̀ kù, ẹ má sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú. Ẹni tí wọ́n ṣèlérí 5,000 fún tó sì gbà á lọ́jọ́ Ajé yóò sáré ju ẹni tí wọ́n ṣèlérí 20,000 fún tí kò rí i títí oṣù fi parí.

Àwọn 6 yẹn gan-an ni kí ẹ tọ́jú dáadáa. Àwọn ni wọ́n máa ń ní àsìkò láti sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Bákan náà, kí alága má wọ yàrá ìmúra wá ní ìsinmi ìlàjì láti wá ṣèlérí owó. Gbogbo ohun tí ẹ bá ti sọ lórí bọ́ọ̀lù títí di ìgbà yẹn ló máa fò kúrò lórí wọn.

Sẹ́ńtàBáàkì_5

Mo fara mọ́ Màmá, àmọ́ owó nìkan kọ́. Ní oṣù kọkànlá 2025, Super Eagles tún kọ̀ láti ṣe ìgbaradì ní Morocco nítorí owó, ọjọ́ méjì sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ pẹ̀lú Gabon. Wọ́n yanjú ẹ̀, wọ́n bọ́ sí pápá, wọ́n na Gabon 4-1 lẹ́yìn àfikún àkókò. Gbogbo wọn ló fi ohùn ṣọ̀kan sí ìdáṣẹ́sílẹ̀ yẹn, àgbà àtọmọdé. Ìjà tó wà láàárín agbábọ́ọ̀lù àti ọ́fíìsì kì í pa ikọ̀ lára bí ìjà tó wà láàárín agbábọ́ọ̀lù àti agbábọ́ọ̀lù. Tiyín jọ èyí tó kẹ́yìn yìí, Kóòṣì.

Lórí báńdì, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé a máa ń wá ẹnì kan tó máa ṣe gbogbo ẹ̀. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Leuven ní Belgium tẹ ìwádìí kan jáde ní 2014 tó pín iṣẹ́ aṣáájú nínú ikọ̀ sí mẹ́rin: ẹni tó ń darí bí a ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá, ẹni tó ń ta àwọn yòókù jí, ẹni tó ń rí sí ìrẹ́pọ̀ níta pápá, àti ẹni tó ń gbẹnu sọ fún ikọ̀ lọ́dọ̀ aláṣẹ, oníròyìn àti rẹfirí. Àwọn tó sọ pé balógun àwọn kọ́ ló ń ṣíwájú nínú ọ̀kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn tí wọ́n bi. Ẹni tó wọ báńdì lè má darí nǹkan kan, kí ikọ̀ sì máa lọ dáadáa, tí iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti ní ẹni tó ń ṣe é.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí àwa níbí. Ní Tunis, oṣù kẹrin 1994, Stephen Keshi ni balógun, kò sì gbá àṣekágbá ife Áfíríkà tí a fi na Zambia 2-1. Òun náà ló gbé ife sókè. Ní 2013, tí Keshi ti di akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó ṣe irú rẹ̀ gan-an: Joseph Yobo ni balógun, orí bẹ́ǹṣì ló pọ̀jù sí, Vincent Enyeama ló ń wọ báńdì lórí pápá. Nígbà tí àṣekágbá pẹ̀lú Burkina Faso fẹ́ parí, ó fi Yobo wọlé, kí balógun lè wà lórí pápá nígbà tí fèrè bá dún. Ní AFCON, ìyẹn ife Áfíríkà, tí wọ́n gbá ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, Ahmed Musa ni balógun, kò gbá ìṣẹ́jú kan. William Troost-Ekong ló wọ báńdì, òun ni wọ́n sì fún ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù ní ìdíje náà.

Nítorí náà, ẹ má gba oyè lọ́wọ́ ẹni ọdún 33 yẹn. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ balógun ẹgbẹ́: òun ni kó máa kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, òun ni kó máa bá alága sọ̀rọ̀ owó, òun ni kó máa pe ọmọ tó bá ṣìwà hù sí kọ̀rọ̀. Báńdì orí pápá, ẹ fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó sì wà ní ibi tí ohùn rẹ̀ lè dé gbogbo ẹ̀gbẹ́: àárín tàbí sẹ́ńtà báàkì, agbèjà àárín. Tí ẹ bá fún aṣọ́lé, ẹ yan ẹlòmíràn tí yóò máa lọ bá rẹfirí. Ohun tí UEFA, àjọ bọ́ọ̀lù Yúróòpù, ṣe ní Euro 2024 nìyẹn nígbà tí wọ́n ní balógun nìkan ló lè lọ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹfirí, nítorí aṣọ́lé ò lè sáré 60 mítà lọ bá a kó tún padà kí wọ́n tó gbá fírì-kíìkì.

Lẹ́yìn náà, ẹ dá ìgbìmọ̀ ẹni 5 sílẹ̀: àgbà 2, ọmọ akádẹ́mì 2, ẹni tuntun 1. Kí wọ́n máa pàdé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun fún 20 ìṣẹ́jú, mẹ́wàá àkọ́kọ́ láìsí kóòṣì níbẹ̀. Agbára wọn mọ lórí ìtanràn, ibùsùn kámpù, ìjókòó bọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ owó. Ta ló máa gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kò kàn wọ́n. Tí ẹ bá jẹ́ kí wọ́n fẹnu kan ìyẹn lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò ní rí i gbà padà mọ́.

Kí ẹ tó yan wọn, ẹ pín pépà. Ìbéèrè kan péré: "Tí a bá ń pàdánù 1-0 ní ìṣẹ́jú 80, àwọn ẹni méjì wo lo fẹ́ kó máa sọ̀rọ̀?" Kí wọ́n má kọ orúkọ ara wọn. Pépà funfun fún àgbà àti àwọn tuntun, pépà aláwọ̀ ìyeyè fún akádẹ́mì. Ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ kà á. Ẹ má wo ẹni tí orúkọ rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ wo ẹni tí orúkọ rẹ̀ jáde lórí pépà méjèèjì. Tí ọmọ ọdún 23 yẹn bá ní 11, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, olórí àwọn ọmọdé ni, kò tíì di olórí ikọ̀.

Nọ́ńbà6_Abẹ́òkúta

Ẹ̀gbọ́n Sẹ́ńtàBáàkì, ọ̀rọ̀ pépà aláwọ̀ méjì yẹn wọ̀ mí létí, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, kí kóòṣì má pè é ní ìdìbò. Tí ẹ bá ti lo orúkọ yẹn, wọ́n máa bèèrè èsì, wọ́n á sì kà á. 11 nínú 24 ni akádẹ́mì. Wọ́n á ti fohùn ṣọ̀kan lórí WhatsApp kí pépà tó débẹ̀. Ẹ pè é ní ìbéèrè kóòṣì, kí ẹ dá ìpinnu ṣe.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìbò ikọ̀ kì í gba ẹnì kan lọ́wọ́ àwọn ará ìta. Agbábọ́ọ̀lù Arsenal ló dìbò fún Granit Xhaka ní 2019. Nígbà tó máa fi di oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n ti gba báńdì lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn olólùfẹ́ ikọ̀ hó lé e lórí tó sì dá wọn lóhùn lójú pápá. Xhaka kan náà tún di ọ̀kan lára òpó ikọ̀ lábẹ́ kóòṣì Mikel Arteta láìní báńdì, kó tó lọ sí Leverkusen tí wọ́n gba líìgì Jámánì ní 2024 láìpàdánù ẹyọ kan. Ohun tí mo fà yọ níbẹ̀ ni pé ẹni tí báńdì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì lè wúlò, ṣùgbọ́n ó kù sọ́wọ́ bí wọ́n ṣe gbà á.

Bí ẹ ò ṣe gbọ́dọ̀ gbà á nìyí. Ní oṣù kẹwàá 2015, Sunday Oliseh, tó jẹ́ kóòṣì nígbà náà, gbé báńdì Super Eagles fún Ahmed Musa. Enyeama, tó ti ìsìnkú ìyá rẹ̀ dé kámpù, bá ọ̀rọ̀ náà nílẹ̀. Wọ́n jọ fa ọ̀rọ̀ lójú gbogbo ikọ̀, aṣọ́lé tó ti gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó lé ní 100 sì fẹ̀yìn tì. Kò pé oṣù márùn-ún tí Oliseh náà fi kúrò. Kóòṣì ní ẹ̀tọ́ láti yan ẹni tó wù ú, n ò jiyàn ìyẹn. Ẹni tó kàn kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ nínú ìpàdé.

Ètò rẹ̀ rèé. Ẹ bá ẹni ọdún 33 sọ̀rọ̀ lẹ́yìn, ẹ̀yin méjèèjì nìkan, ọjọ́ kan tó tẹ̀lé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ sọ iṣẹ́ tó máa ṣe láti ìsinsìnyí kí ẹ tó sọ ohun tó máa fi sílẹ̀. Tó bá bínú, ẹ jẹ́ kó bínú níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ẹ pe òun àti ẹni tí yóò wọ báńdì pọ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ tó lè sọ ọ́ fún gbogbo ilé, kí àgbà yẹn fúnra rẹ̀ sì fi báńdì sí apá ẹni tó kàn. Tí kò bá gbà láti ṣe ìyẹn, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò tíì tán. Ọ̀sẹ̀ tí kò bá sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ló dáa jù fún un.

Olùyẹ̀fídíò

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí wíńgà òsì yẹn, nítorí gbogbo èèyàn ti gbà pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń fi bọ́ọ̀lù dù ú ni. Ó lè má rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ gbé fóònù sí ibi gíga lẹ́yìn góòlù kan, òrùlé bọ́ọ̀sì pàápàá tó, kó lè rí ìbú pápá. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú ìlàjì kọ̀ọ̀kan ti tó. Gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá wà lẹ́sẹ̀ agbábọ́ọ̀lù àárín tàbí sẹ́ńtà báàkì yín, tí wíńgà sì ṣófo, ẹ dá a dúró kí ẹ wo orí ẹni tó ní bọ́ọ̀lù. Ṣé ó yí ojú sí òsì kí bọ́ọ̀lù tó dé ẹsẹ̀ rẹ̀? Tó bá wò, tó rí i, tó sì gbá a sí ibòmíràn, ẹ kọ "rí." Tí kò bá wò, ẹ kọ "kò wò." Tó bá jẹ́ "rí" ló pọ̀, ìjà ni, ẹ pè wọ́n jókòó. Tó bá jẹ́ "kò wò" ló pọ̀, ìgbaradì ló kù díẹ̀ káàtó. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan gbá bọ́ọ̀lù, tó sì gbà á pẹ̀lú ara tó kọjú sí ọ̀tún, kò lè rí òsì láéláé, bí ọmọ ìyá rẹ̀ tiẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹ tún wo wíńgà náà: tó bá lẹ̀ mọ́ ìlà pápá tí dìfẹ́ńdà wọn sì wà láàárín òun àti bọ́ọ̀lù, kò ṣófo, a kàn ń rò pé ó ṣófo ni.

Tó bá jẹ́ ìjà lóòótọ́, eré ìgbaradì tó ń tún un ṣe rèé. Pápá 50 mítà sí 35, ẹni 8 sí 8, kí àgbà àti ọmọdé wà nínú ikọ̀ méjèèjì ní dọ́gbadọ́gba. Góòlù kì í wúlò àfi tí ẹni tó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ àti ẹni tó gbá a wọlé bá wá láti apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àgbà sí ọmọdé tàbí ọmọdé sí àgbà. Ẹ má ṣe sọ pé "kí bọ́ọ̀lù kàn kan ọmọdé kan kí góòlù tó wà." Wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́: àgbà á tì í sí ọmọdé ní mítà méjì, á gbà á padà, wọ́n á máa bá tiwọn lọ. Ìṣẹ́jú 4, ìsinmi ìṣẹ́jú 2, ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ikọ̀ tó bá pàdánù ló máa kó kóònù àti àwọ̀n, gbogbo wọn, balógun náà.

Èkejì ni ohùn. Ẹ fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ márùn-ún péré tí gbogbo ikọ̀ máa lò, kí ẹnikẹ́ni má gbé tiẹ̀ wá láti ikọ̀ tó ti ń bọ̀: "mán" fún ẹni tí wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, "táìmù" fún ẹni tó ní àyè, "yí" fún ẹni tó lè kọjú síwájú, "àwè" tí bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀, àti orúkọ ẹni tó máa gbà á. Àwọn ọmọdé kì í pariwo sí àgbà lórí pápá nítorí ọ̀wọ̀, ọ̀pọ̀ góòlù ni a sì ti jẹ nítorí pé ọmọ kan ò lè pe ẹni ọdún 33 ní orúkọ. Ẹ sọ ọ́ ní gbangba pé lórí pápá kò sí "bọ̀ọ̀dá." Tí fèrè ìparí bá dún, wọ́n lè padà sí "bọ̀ọ̀dá" wọn.

Kóòṣì_ÒkèÀdó

Ẹ ṣeun gan-an. Olùyẹ̀fídíò, mo padà wo fídíò ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì tó kẹ́yìn. "Kò wò" ló pọ̀ jù lọ. "Rí" ò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni kan náà ló ni gbogbo wọn, ọ̀kan nínú àwọn àgbà. Màmá, bẹ́ẹ̀ ni, a jẹ wọ́n ní owó ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá alága. Ó ku ariwo lẹ́yìn góòlù, ìsinmi ìlàjì, àti owó ìtanràn.

Màmá_Kámpù

Ẹ ò rí i! Ẹ san mẹ́ta yẹn ná.

Ìtanràn ń ṣiṣẹ́ tó bá kéré, tó bá kan gbogbo èèyàn, tí owó rẹ̀ sì padà sọ́dọ̀ wọn. Pípẹ́ dé ìgbaradì, 500 náírà. Pípẹ́ dé bọ́ọ̀sì, 1,000. Fóònù nínú yàrá ìmúra láti wákàtí kan kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, 1,000. Káàdì nítorí ọ̀rọ̀ sí rẹfirí, 2,000. Kóòṣì náà wà níbẹ̀, kí tiyín jẹ́ ìlọ́po méjì. Ìgbìmọ̀ ẹni 5 ni kó máa gbà á, kì í ṣe ẹ̀yin, ẹ má sì yọ ọ́ nínú owó àjẹmọ́nú wọn láéláé, nítorí wọ́n á pè é ní olè. Ní ìparí oṣù, kí wọ́n fi se oúnjẹ.

Mo ní kí wọ́n sè é, n ò ní kí wọ́n rà á. Claudio Ranieri, kóòṣì Leicester nígbà náà, ṣèlérí pizza fún ikọ̀ rẹ̀ tí wọ́n bá gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan láìjẹ góòlù. Wọ́n na Crystal Palace 1-0 ní oṣù kẹwàá 2015, ó kó wọn lọ síbẹ̀ lóòótọ́, ó sì ní àwọn fúnra wọn ni kó po ìyẹ̀fun. Ní oṣù karùn-ún 2016 wọ́n gba líìgì. Àmọ́ kí alága má rò pé pizza ló gbà á, nítorí ní oṣù kejì 2017 Leicester kan náà lé Ranieri, pizza wà ní ìlú. Tí ẹ bá fẹ́ lọ sí etíkun, kí àgbà kan àti ọmọdé kan jọ ra ata, kí méjì míì jọ dáná. Tí wọ́n bá kàn jókòó jẹun, ibi tí wọ́n máa ń jókòó sí nínú bọ́ọ̀sì náà ni wọ́n máa jókòó sí.

Sẹ́ńtàBáàkì_5

Ìsinmi ìlàjì ò ju ìṣẹ́jú 15 lọ, ẹ sì yọ ìrìn wíwọlé àti ìjáde kúrò nínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀: omi, ìnura, ẹni tó farapa. Àsìkò yìí ni kí ẹ̀yin àti igbákejì yín wà níta kí ẹ mú ohun méjì péré tí ẹ fẹ́ tún ṣe. Méjì tó tẹ̀lé e, ẹni tó wọ báńdì àti ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ sọ ohun tí wọ́n rí lórí pápá. Ẹ gbọ́ wọn, nítorí wọ́n mọ ẹni tó ti rẹ̀ jù yín lọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni tiyín pẹ̀lú bọ́ọ̀dù. Èyí tó kù, ẹ fi bá ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ létí. Kóòṣì tó bá fi ìṣẹ́jú 12 bú èèyàn ti fi ìsinmi wọn ṣòfò, ọkàn tó ń lù kìkì ò tíì rọlẹ̀ kí wọ́n tó padà sórí pápá.

Lẹ́yìn góòlù tí wọ́n bá gbá wọlé yín, ẹ yan iṣẹ́ fún ẹni mẹ́ta ṣáájú: ẹnì kan ń mú bọ́ọ̀lù láti inú àwọ̀n, ẹnì kan ń lọ bá ẹni tó ṣàṣìṣe, ẹni tó wọ báńdì ń pe àwọn mẹ́rin ẹ̀yìn jọ. Gbólóhùn kan ni, ohun tí a máa ṣe ní ìṣẹ́jú márùn-ún tó ń bọ̀. "Ìwọ lo fà á" di ìtanràn 1,000 lórí ìwé Màmá. A máa ń jẹ góòlù kejì lẹ́yìn tí àkọ́kọ́ ò tíì tutù, nítorí pé ẹni méjì ṣì ń jà lórí rẹ̀ nígbà tí wọ́n ti gbé bọ́ọ̀lù dé àárín.

Ẹ fi fídíò Super Falcons hàn wọ́n, àṣekágbá ife Áfíríkà àwọn obìnrin ní Rabat, oṣù keje 2025. Morocco ló ń lọ 2-0 nígbà tí wọ́n lọ sinmi. Esther Okoronkwo gbá pẹnáritì wọlé, Folashade Ijamilusi dọ́gba rẹ̀, Jennifer Echegini parí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 88. Rasheedat Ajibade tó jẹ́ balógun kò gbá ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun náà ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù ní ìdíje yẹn. Kí wọ́n wo ohun tó ń ṣe nígbà tí bọ́ọ̀lù ò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Nọ́ńbà6_Abẹ́òkúta

Kóòṣì, lórí ẹni tó ń "rí" tí kì í gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ yẹn: ẹ má fi fídíò rẹ̀ hàn án níwájú àwọn yòókù. Ẹ pè é sí kọ̀rọ̀, ẹ fi ìgbà mẹ́ta péré hàn án, kí ẹ sì dákẹ́. Jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Tó bá sọ ìdí kan tó ní láárí, bíi pé ọmọ yẹn kì í padà wá gbèjà nígbà tí bọ́ọ̀lù bá sọnù, iṣẹ́ ọmọ yẹn ló kù kí ẹ tún ṣe. Tí kò bá ní ìdí, bẹ́ǹṣì fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, kí ó sì mọ ìdí tó fi wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ inú yàrá ò sì gbọdọ̀ jáde. Ní Ife Àgbáyé ní South Africa ní 2010, Nicolas Anelka bú Raymond Domenech, kóòṣì Faransé, nínú yàrá ìmúra ní ìsinmi ìlàjì pẹ̀lú Mexico, ìwé ìròyìn gbé e jáde, wọ́n lé Anelka lọ sílé. Agbábọ́ọ̀lù Faransé kọ̀ láti ṣe ìgbaradì ní Knysna, Domenech fúnra rẹ̀ ló ka lẹ́tà wọn fún àwọn oníròyìn. Àmì kan péré ni wọ́n rí gbà nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta. Inú ti ń bí wọn sí kóòṣì tẹ́lẹ̀, gbogbo ayé mọ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti jáde, "ta ni ọ̀dàlẹ̀" ni wọ́n ń wá, wọn ò wá góòlù mọ́.

Ẹ dá ẹgbẹ́ WhatsApp méjì sílẹ̀. Ọ̀kan fún àkókò, bọ́ọ̀sì àti jẹ́sì, ẹ̀yin wà níbẹ̀, ẹ̀yin àti igbákejì yín nìkan ló lè kọ nǹkan síbẹ̀. Èkejì jẹ́ ti agbábọ́ọ̀lù, ẹ ò sí níbẹ̀, ẹ má sì rán ọmọ kankan láti máa ya fọ́tò ohun tí wọ́n ń sọ wá fún yín. Wọ́n máa ń mọ̀ ọ́n kíákíá. Akádẹ́mì ní tiwọn tẹ́lẹ̀, àbí? Ẹ ní kí ọmọ ọdún 23 yẹn fúnra rẹ̀ pa á, kó sì kó gbogbo ẹni 24 sínú èyí tó kù, kí ẹ tó gbé báńdì fún ẹnikẹ́ni.